Ẹ Bá Wa Dúpẹ́ Hóró Oògùn Kékeré Yìí

Ẹ bá wa gbé Olúwa ga. Àwa tí wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú kókó inú ẹṣẹ́ pituitary ṣì wà láàyè. Ọpẹ́ wa kò pé bí a kò bá sọ ohun tó dá wa sí, ìyẹn hóró hydrocortisone, oògùn tó ń rọ́pò cortisol, hòmóònù tí ara fi ń kojú àìsàn, torí ọ̀rọ̀ náà lè kan ẹlòmíì níbí.

Ẹṣẹ́ yìí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, abẹ́ ọpọlọ ló wà, òun ló ń pàṣẹ fún ọ̀pọ̀ ẹṣẹ́ yòókù. Ìtànṣán tí wọ́n sábà ń pín sí ìgbà 25 sí 28 máa ń ká kókó lọ́wọ́ kò, ṣùgbọ́n ó ń ba ẹṣẹ́ náà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó lè di ọdún karùn-ún, kódà ọdún kẹwàá, tí èèyàn ti gbàgbé, kí àárẹ̀ tó dé: òòyì á máa kọ́ni, oúnjẹ ò ní wù ú jẹ, nǹkan oṣù obìnrin á dúró. Àwọn kan á ní ayé ló ń bá àwọn jà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọdọọdún ló ń tú u fó: cortisol ní aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án àárọ̀, free T4 (hòmóònù ẹṣẹ́ thyroid inú ọrùn), àti hòmóònù ìbímọ. TSH, tí pituitary fi ń pàṣẹ fún thyroid, nìkan kò tó o; ó lè dà bíi pé kò sí nǹkan, kí free T4 sì ti lọ sílẹ̀.

Ibi tí ẹ̀mí ti ń bọ́ rèé. Bí cortisol àti free T4 bá jọ lọ sílẹ̀, hydrocortisone ni kí wọ́n kọ́kọ́ fúnni, kí levothyroxine, oògùn tó ń rọ́pò T4, tó tẹ̀ lé e. Bí levothyroxine bá ṣíwájú, ìwọ̀nba cortisol tó kù lára á tètè tán, èèyàn lè dákú, kó sì gba ibẹ̀ kú. Ọlọ́run bùkún gbogbo dókítà tó mọ èyí!

Mílígíráàmù 15 sí 20 hydrocortisone ló ń tó ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lójúmọ́. Èyí tó pọ̀ jù ni a ń lò gbàrà tí a bá jí. Bí ibà bá dé, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì títí yóò fi lọ. Bí èébì bá ń gbé oògùn jáde, abẹ́rẹ́ hydrocortisone mílígíráàmù 100 ló kàn, ká sì sáré lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má torí àwẹ̀ dá a dúró o. Ẹ tètè bá dókítà sọ̀rọ̀ kí Ramadan tàbí àwẹ̀ ìjọ tó wọlé.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará ilé wa tí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń gún abẹ́rẹ́ náà sí itan. Olúwa, a dúpẹ́ o.