Ẹ̀gà Orí Ọ̀pẹ Ẹ̀yìnkùlé Wa

Sátidé, oṣù Kẹfà. Mọ́níyà, Ìbàdàn.

Òjò rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé láti wo omi tí mo gbè sínú bàsíà, ariwo ẹ̀gà ló kọ́kọ́ pàdé mi. Ọ̀pẹ kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn ilé yìí, àwọn ẹyẹ wọ̀nyí sì ti sọ ọ́ di ìlú ńlá. Mo ka ìtẹ́ tó ń fì lórí rẹ̀ dé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kí ojú mi tó dàrú. Wọ́n ti ya ewé ara imọ̀ ọ̀pẹ náà tán, egungun rẹ̀ ló kù.

Lọ́jọ́rú, bàbá onílé pe gbogbo àwa ayálégbé jọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gé ọ̀pẹ náà nítorí ìgbẹ́ ẹyẹ tó ń ba aṣọ tí a sá jẹ́, àti nítorí ọmọ tó ń kàwé ìdánwò WAEC tí ariwo kò jẹ́ kó gbádùn. Wọ́n bi mí. Mo ní, "Ẹ gé e, Bàbá, ó ti tó." N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ òní iná kò sí, ilẹ̀ kò sì tíì mọ́ dáadáa tí mo fi lè ka Bíbélì. Mo gbé àpótí, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo bẹ̀rẹ̀ ìyìn bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: Atẹ́rẹrẹ-káyé, Ẹlẹ́dàá mi, Ọba tó dá òkun tó dá ọ̀sà. Àwọn orúkọ náà kàn ń tú jáde lẹ́nu mi bí ìgbà tí kọ̀ńdọ́ bá ń pe ibùdókọ̀: Ọ̀jọ́ọ̀, Sángo, Mọ́kọ́lá, Dùgbẹ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé: ó ti pẹ́ tí ìyìn mi ti rí báyìí. Ẹnu ń ṣiṣẹ́, ọkàn ti lọ sọ́jà.

Mo bá dákẹ́. Ibi tí mo ti dákẹ́ ni mo ti rí akọ ẹ̀gà kan, ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ìyeyè tó pọ́n, orí rẹ̀ dúdú bí ẹni dé fìlà. Ó bà sí etí ewé ọ̀pẹ, ó fi ẹnu gé e díẹ̀, ó di ibi tó gé yẹn mú, ó sì fò. Bó ṣe ń fò ni ewé náà ń ya tẹ̀lé e, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn. Ẹnu yẹn náà ló fi ń kì í bọ inú ìtẹ́, tó fi ń fà á yọ lódì kejì, tó fi ń ta á ní kókó. Ìsàlẹ̀ ló kọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ sí. Òmíràn tó ti parí tirẹ̀ dorí kodò lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọn ìyẹ́ pìpì, ó ń pe ìyàwó. Abo kan wá, ó yẹ inú ilé náà wò, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bí kò bá sí abo tó gbà á, akọ náà lè tú gbogbo rẹ̀ ká, kó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí okùn àkọ́kọ́. Ta ló kọ́ ọ? Ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀ lórí igi, tó ń wò ó?

Àwọn àgbà ní ẹ̀gà ń sọ èdè rẹ̀, ẹ ní ó ń pàátó, bí ẹni pé ariwo lásán ló ń pa. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí mi, ṣùgbọ́n òní ni ó bá Sáàmù 19 pàdé nínú mi, níbi tí a ti sọ pé àwọn ọ̀run ń ròyìn ògo Ọlọ́run, tí ohùn wọn sì kárí ayé. Ohun tí mo fọwọ́ sí lọ́jọ́rú pé kí wọ́n gé lulẹ̀, èdè ni.

Àwa Yorùbá ṣáà mọ bí a ṣe ń ki ènìyàn ní oríkì. Ẹni tí kò mọ ohun tí baba ẹni ṣe, kí ni yóò fi kì í? Ẹni tó kọ́kọ́ pe Olúwa ní Atẹ́rẹrẹ-káyé, ó ti ní láti wo ayé títí kó tó rí orúkọ náà. Èmi kàn ń pe orúkọ tí ẹlòmíràn fi ojú rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún.

Ìṣẹ̀dá kì í ṣe ẹyẹ nìkan, mo mọ̀. Mọ́lété ni ìyá mi ń gbé nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ilé ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, tí a ń pè ní Omíyalé. Ọjọ́ Àìkú ni. Gbogbo ọjà wọn ló bómi lọ. Wọ́n ní nígbà tí àwọn padà dé ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n dá orin ìyìn, ẹnu àwọn kò ṣí. Ìyá àgbàlagbà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní, "Má kọrin, ọmọ mi. Ṣáà dúró sáàárín wa, a ó bá ọ kọ ọ́." Ìyá mi kì í sọ ìtàn yẹn kí omi má bọ́ lójú wọn. Mo rántí rẹ̀ láàárọ̀ yìí, níbi tí mo ti dákẹ́ tí orí ọ̀pẹ kò dákẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ kúnlẹ̀ kí bàbá onílé. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ jẹ́ kí àwọn ẹ̀gà náà pamọ ná." Wọ́n wò mí títí. "Ìyá Ìbejì, ṣé ìwọ kọ́ lo ní kí n gé e?" Mo ní èmi ni, sà. Wọ́n ní àwọn ti bá agégi sọ ọ́, Mọ́ńdè ló ń bọ̀, àmọ́ àwọn á pè é padà, àwọn á gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Aṣọ funfun tí n ó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la wà lórí okùn lábẹ́ ọ̀pẹ. Mo ká a, mo so okùn mìíràn síwájú ilé.