Òkun ti wọ inú ọ̀sà

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù Ṣẹ́rẹ́

Water hyacinth, ewéko tó ń léfòó, tó bo etí ọ̀sà mọ́lẹ̀ ní Àkọkà láti ìgbà òjò ti ń kú. Ewé rẹ̀ tó tutù yọ̀yọ̀ tẹ́lẹ̀ ti rọ, etí rẹ̀ ti dúdú, ìdí rẹ̀ sì ti ń rà. Ọ̀nà tí ọkọ̀ kò rí gbà tẹ́lẹ̀ ti là. Ẹnikẹ́ni kò fín oògùn sí i. Iyọ̀ ló ń pa á.

Mo kí bàbá ọlọ́kọ̀ kan, ọmọ Ìlàjẹ tó ń gbé lápá Bàríga, mo bi wọ́n pé ìgbà wo lomi yí padà. "Ọmọ mi, látìgbà tí òjò ti dá ni," ni wọ́n wí. "Bù ú sẹ́nu, wàá mọ̀. Òkun ti wọlé."

Ohun tí bàbá fi ẹnu tọ́ wò yìí ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Èkó, létí ọ̀sà yìí kan náà, ti ń wọ̀n láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹnu kan gbòógì ni ọ̀sà Èkó fi pàdé òkun, níbi tí ọkọ̀ ńláńlá ń gbà wọ èbúté. Nígbà òjò, odò Ògùn, odò Ọ̀ṣun àti àwọn kéékèèké mìíràn á da omi sínú ọ̀sà, wọn á ti òkun sẹ́yìn títí iyọ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, odò á fà, òkun á sì máa gòkè wá lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ bí omi bá ti ń kún. Omi òkun ní nǹkan bíi gíráàmù iyọ̀ 35 nínú lítà kan. Gbòǹgbò tó mu omi odò lóṣù Kẹsàn-án ló máa mu omi iyọ̀ lóṣù Kejì, lójú kan náà. Ẹja lè wẹ̀ lọ sí apá Ẹ̀pẹ́ níbi tí iyọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Ewéko kò rí ibi kankan lọ.

Bí a bá wọ́n iyọ̀ sí ewúro tí a fẹ́ fọ̀, kíá ni omi ara rẹ̀ á ti máa jáde. Ohun tó ń ṣe gbòǹgbò nínú omi oníyọ̀ nìyẹn: omi yí i ká, síbẹ̀ òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, torí ibi tí iyọ̀ bá pọ̀ sí lomi ń fà sí. Iyọ̀ tó bá sì ráyè wọ inú ewé tún ń ba iṣẹ́ ibẹ̀ jẹ́.

Water hyacinth kò ní ọgbọ́n kankan fún èyí. Ọdún 1984 ló gba ojú omi Badagry wọ Nàìjíríà láti Benin, kò sì tíì jẹ́ kí àwọn apẹja sinmi láti ìgbà náà, àmọ́ iyọ̀ tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ti òkun tó láti pa á. Ojúoró náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí. A máa ń gbàdúrà pé ojúoró ní í lékè omi, òótọ́ sì ni lórí odò. Lórí ọ̀sà Èkó, ọ̀gbẹlẹ̀ kì í jẹ́ kó lékè pẹ́.

Ẹ̀gbà, igi etí omi oníyọ̀ tí òyìnbó ń pè ní mangrove, yàtọ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ tó na ẹsẹ̀ sórí ẹrọ̀fọ̀ ń sẹ́ iyọ̀ kúrò lára omi kó tó fà á wọlé, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń yọ́ kọjá. Igi kejì tó ń bá a gbé, Avicennia, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń yọrí ṣóńṣó ṣóńṣó láti inú ẹrọ̀fọ̀, ń gba iyọ̀ wọlé, á wá tu ú dànù lójú ewé. Mo fi ìka ra ewé rẹ̀ lónìí, iyọ̀ funfun sì lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Inú mi dùn gan-an. Koríko Paspalum vaginatum tó tẹ́ rẹrẹ sétí omi náà ń fara dà á: ó ń kó àwọn èròjà tirẹ̀ jọ sínú ara, kí agbára tó fi ń fa omi má bàa kéré sí ti iyọ̀ tó wà níta.

Àmọ́ àwọn ewéko yìí kò fẹ́ràn iyọ̀ bí a ṣe rò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń dàgbà dáadáa jù nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ kéré sí ti ògidì omi òkun. Sísẹ́ iyọ̀ àti títu ú dànù ń jẹ agbára tí wọn ì bá fi ga. Ìdí tí a fi ń bá wọn níbi omi iyọ̀ ni pé létí odò, àwọn ewéko tó yára jù wọ́n lọ máa ń gba oòrùn àti àyè mọ́ wọn lọ́wọ́. Iyọ̀ ló ń bá wọn lé àwọn yẹn. Nítorí náà, ìgbà òjò tí omi ń rọ̀ ṣe pàtàkì fún wọn: ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ irúgbìn ń rí àyè hù.

Ìyípadà tó ń rọra wá ni wọ́n mọ̀, tí ara wọn fi ń múra sílẹ̀ bí iyọ̀ ṣe ń gorí iyọ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí etí òkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Wọ́n gbẹ́ ojú omi fún iṣẹ́ epo rọ̀bì níbẹ̀, ó la ilẹ̀ tó dí òkun lọ́nà já, omi iyọ̀ sì ya wọ igbó àbàtà tí kò mọ̀ ju omi odò lọ. Igi kú lọ súà lórí ìdúró. Àwọn èèyàn pàdánù omi mímu àti ẹja odò. Nígbà tí igbó bá kú báyẹn, ẹ̀gbà kò lè rọ́pò rẹ̀ lọ́sàn-án kan òru kan.

Ní Èkó níbí, iyanrìn ni ìṣòro tiwa. Wọ́n ń fà á láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà, wọ́n ń fi kún àbàtà láti kọ́lé. Orí igi ni ọmọ ẹ̀gbà ti ń hù, lára ìyá rẹ̀, á gùn gbọọrọ kó tó já bọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀. Mo rí mélòó kan tó ti fẹ́ já lónìí, bẹ́ẹ̀ iyanrìn ti dé ìdí igi náà. Lọ́jọ́ Ajé, mo máa kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa nípa ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ èbúté tí wọ́n fẹ́ fi iyanrìn kún, kí wọ́n fi ibi tí omi ń kún dé sílẹ̀ fún ẹ̀gbà.