A Rò Pé Ó Ń Sanra Ni

Wákàtí 6 la fi dúró ṣe iṣẹ́ abẹ lónìí, ó sì yọrí sí rere. Ẹsẹ̀ ń ro mí. Kì í ṣe ìyẹn ló gbé mi jókòó síwájú ìwé yìí.

Láàárọ̀, kí a tó wọlé, mo gba ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n aláìsàn náà kọjá ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọn ò rí mi. "A rò pé ó ń sanra ni. Èmi gan-an ni mo máa ń yìn ín."

Èmi gan-an ni mo máa ń yìn ín.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Ikùn èèyàn ń yọ fún ọdún kan gbáko, ẹ ń yìn ín! Ṣùgbọ́n kí ni kí wọ́n rò? Ẹ̀yìn ìfun lọ́hùn-ún, ibẹ̀ gbàyè. Liposarcoma, kókó jẹjẹrẹ inú ọ̀rá, á jókòó síbẹ̀, á rọra máa ti ìfun sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ní ta èèyàn, kò ní ro ó, títí aṣọ ò fi ní wọ̀ ọ́ mọ́. Èmi náà ńkọ́, ká ní kò sí skáànù CT tó ń ya àwòrán inú ara lọ́wọ́ mi…

Ó kéré tán, wọn ò tíì là á kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, bíi ti aláìsàn kan ní oṣù Kẹta. Abẹ́rẹ́ la fi gba ẹ̀yìn wọlé bu díẹ̀, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò bá jíìnì MDM2 tó ti pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ, àmì irú kókó yìí, a sì mọ ohun tí à ń lọ bá. Odidi la gbé e jáde, pẹ̀lú kíndìnrín ọ̀tún àti apá kan ìfun ńlá. Kíndìnrín yẹn ò ṣàìsàn o. Ó kàn lẹ̀ mọ́ ọn ni, bí a bá sì ní ká bó o kúrò, a lè fi èérún kókó náà sílẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó dùn mí nígbà tí mo gbé e sínú abọ́.

Wọ́n ń yìn ín. Ìfẹ́ ni, àbí kí ni ká pè é? Bóyá ohun tó ń dùn mí gan-an ni pé kò sí ẹni tí mo lè bá wí.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wo ikùn tó ti wálẹ̀. "Dókítà, mi ò rántí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́." Mo ti sọ fún wọn ṣáájú pé irú èyí sábà máa ń padà sí ojú ibi tó wà, pé skáànù kò ní tán bọ̀rọ̀. Mo fẹ́ tún un sọ. Mo fa àga kan, mo jókòó tì wọ́n.