Ohun Tí Àwọn Èbúté Etíkun Túrkì Kọ́ Mi: Sí Ẹ̀yin Àbúrò Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Wọ Iṣẹ́ Ọkọ̀ Ìgbòkun

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ nínú ọkọ̀ ìgbòkun ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Túrkì, ẹ kú iṣẹ́. Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí jù ni pé èbúté wo ló dára jù láàárín Datça àti Kekova. Ìdáhùn mi kì í sábà tẹ́ yín lọ́rùn, nítorí pé èbúté tó dára ní aago 10 àárọ̀ lè má dára mọ́ ní aago 3 ọ̀sán, ibi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì sùn sí lánàá láìsí wàhálà lè di ibi tí ẹ ó ti sá jáde lóru òní. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé kí n tó wo ẹwà ibì kan, kí n kọ́kọ́ wo òkè tó yí i ká, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ omi rẹ̀, àti ọ̀nà tí n ó gbà jáde bí afẹ́fẹ́ bá yí padà.

Láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án, afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní meltemi máa ń fẹ́ láti àríwá ìwọ̀-oòrùn, oṣù keje àti ìkẹjọ ni ó sì máa ń le jù. Ilẹ̀ Túrkì ló máa ń gbóná gidigidi lásìkò yẹn, tí afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ á fúyẹ́, tí èyí tó wúwo láti ìhà Balkans á sì máa rọ́ wá gba àyè rẹ̀. Òwúrọ̀ máa ń pa rọ́rọ́. Ọ̀sán ni afẹ́fẹ́ á gbéra, ní ọ̀pọ̀ ibi á sì rọlẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kùtùkùtù la máa ń yí orí ilẹ̀ Knidos ká, ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ Datça. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì yóò rántí pé lẹ́yìn tí Pọ́ọ̀lù kúrò ní Mírà, ọkọ̀ wọn ń fà lọ́ra fún ọjọ́ púpọ̀, agbára káká ni wọ́n sì fi dé ọ̀kánkán Kínídù, nítorí pé afẹ́fẹ́ kò gbà fún wọn. Mírà yẹn wà nítòsí ìlú Demre ti òní, kò jìnnà sí Kekova, Kínídù sì ni Knidos. Ọ̀nà kan náà ni ẹ ó máa tọ̀, láti ìhà kan náà ni afẹ́fẹ́ yóò sì ti máa dojú kọ yín bí ẹ bá ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń rò pé òkè gíga ni ààbò. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó bá gun òkè láti ẹ̀yìn máa ń já wálẹ̀ sójú omi lójijì, pẹ̀lú agbára tó lè ju ti ojú òkun gbangba lọ. Á dákẹ́ díẹ̀, á tún já láti ẹ̀gbẹ́ mìíràn. Bozukkale, ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ Bozburun, ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Odi agbára ìlú Loryma àtijọ́ ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, ìgbì meltemi kì í wọlé, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ orí òkè lè máa ti ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì ní gbogbo ọ̀sán. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ ju gbogbo èbúté tó kù ní ìhà yẹn lọ, ṣùgbọ́n ìdákọ̀ró tí a bá fi ìkánjú jù kò ní dúró níbẹ̀.

Lápá ìlà-oòrùn rẹ̀ ni Serçe Limanı wà, èbúté tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ há tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ lè kọjá lójú òkun láìrí i. Ọkọ̀ oníṣòwò kan rì síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1025, pẹ̀lú àfọ́kù gíláàsì tó tó tọ́ọ̀nù 3 nínú rẹ̀. Awalẹ̀pìtàn abẹ́ omi tó ń jẹ́ George Bass àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló wa á jáde láti ọdún 1977 sí 1979, ó sì wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní odi agbára Bodrum. Bí ẹ bá débẹ̀, gbogbo èèyàn ni yóò máa wo gíláàsì. Ẹ̀yin, ẹ wo àwọn ìdákọ̀ró rẹ̀. Ọ̀pá ìdákọ̀ró tó ń mú ọkọ̀ náà dúró ló ṣẹ́, tó fi lọ kọlu àpáta. Inú èbúté tó fara sin ni ọkọ̀ yẹn ti rì, kò dé agbami rárá.

Ilẹ̀ abẹ́ omi ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù. Etíkun yìí jẹ́ òkè tó dà sínú òkun lẹ́ẹ̀kan náà; níbi tí ẹ bá ti lè sọ òkò kan àpáta, omi lè ti jìn tó mítà 20. Nítorí náà, a máa ń ju ìdákọ̀ró láti iwájú, a ó fi ẹ̀yìn rìn súnmọ́ ilẹ̀, a ó sì so okùn ìdí ọkọ̀ mọ́ etí ilẹ̀. Ẹ wọlé nígbà tí oòrùn bá ṣì wà lókè, kí ẹ lè rí ìsàlẹ̀. Ibi tó mọ́lẹ̀, tó ní àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́, iyanrìn ni. Ibi tó dúdú, àpáta ni tàbí koríko òkun tí wọ́n ń pè ní Posidonia. Ìdákọ̀ró kì í sábà wọ inú koríko yìí, á kàn máa wọ́ lórí rẹ̀. Bí ó bá sì wọ̀ ọ́, á hú u tegbòtegbò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọmọ ẹja ń dàgbà sí, koríko náà sì máa ń pẹ́ gan-an kó tó hù padà.

Ẹni tó wà níwájú ọkọ̀ ní iṣẹ́ tó ju títẹ bọ́tìnì lọ. Ẹ jẹ́ kí ìdákọ̀ró kanlẹ̀ ná, kí ẹ tú ṣéènì díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń padà sẹ́yìn, kí ó má baà kó jọ lé ìdákọ̀ró lórí, kí ẹ sì máa ka àmì ọ̀dà tó wà lára rẹ̀. Èyí tó bá jáde kò gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po 4 jíjìn omi. Ìlọ́po 5 sàn jù bí àyè bá wà. Nígbà tí ṣéènì bá ti dúró, tí ọ̀gá ọkọ̀ sì ń fi ẹ́ńjìnnì fà á, ẹ gbé ẹsẹ̀ tó wọ bàtà lé e. Bí ìdákọ̀ró bá ti di ilẹ̀ mú, ṣéènì á le gbọn-in, á sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bí ó bá ń wọ́ lórí òkúta, ẹ ó mọ̀ ọ́n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ yín bí ó ṣe ń gbọ̀n, tí á dúró, tí á tún gbọ̀n. Ẹ sọ ọ́ jáde lójú ẹsẹ̀, kódà bí ó bá ti rẹ ọ̀gá, tí àwọn àlejò sì ń wò yín. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, yóò sì tún un jù.

Ní ti okùn tí ẹ ń so mọ́ etí ilẹ̀, ẹ má so ó mọ́ igi, nítorí pé okùn máa ń bó èèpo rẹ̀ títí igi á fi kú. Ní Göcek, tó wà lábẹ́ ààbò àyíká láti ọdún 1988, wọ́n ti ri òpó kéékèèké mọ́ etí omi fún iṣẹ́ yìí. Ní Kekova, ìlú àtijọ́ tí ìmìtìtì ilẹ̀ rì sínú omi ṣì ń hàn lábẹ́ ọkọ̀. Èèwọ̀ ni láti ju ìdákọ̀ró síbẹ̀. Ẹ tọ́jú káàdì ọkọ̀ yín tí wọ́n ń pè ní Mavi Kart pẹ̀lú, nítorí inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ omi ìdọ̀tí tí ẹ bá dà sí ibi tí òfin yàn.

Ní Bozukkale àti Selimiye, àwọn ilé oúnjẹ ní afárá tí ọkọ̀ ń so mọ́, wọn kì í sì í sábà gba owó ìdúró lọ́wọ́ ẹni tó bá jẹun lọ́dọ̀ wọn. Ẹ kí wọn dáadáa kí ẹ tó béèrè ohunkóhun, kí ẹ sì bi àwọn apẹja àgbà léèrè bí òru yóò ṣe rí; wọ́n mọ òkè àdúgbò wọn ju ìròyìn ojú ọjọ́ orí fóònù lọ. Ní Orhaniye, àwọn ni yóò fi Kızkumu hàn yín, òkìtì iyanrìn tó nà wọ inú omi, tí èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀, tí ọkọ̀ tó bá wọlé lóru sì lè gùn.

Meltemi nìkan kọ́ ló wà o. Nígbà ìrúwé àti lẹ́yìn oṣù kẹsàn-án, lodos máa ń fẹ́ láti gúúsù, ibi tó fi ẹ̀yìn sí àríwá ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn á wá di ẹnu ọ̀nà ìgbì. Èbúté ńlá Knidos ṣí sí gúúsù ìlà-oòrùn, ilẹ̀ rẹ̀ sì ní koríko àti àpáta. Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀, ìhà tí kọ́ḿpáàsì gbọ́dọ̀ kọjú sí bí ẹ bá ń jáde nínú òkùnkùn, kí ẹ sì kọ orúkọ èbúté kejì tí ẹ lè sá lọ. Bí ọ̀gá yín bá gbà, Üçağız, nítòsí Kekova, ni kí ẹ ti kọ́kọ́ kọ́ ìdákọ̀ró jíjù: ẹrẹ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀, ó máa ń di nǹkan mú, ilẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i ká tán. Ẹ fi Knidos sílẹ̀ di ìgbà tí ẹsẹ̀ yín bá ti mọ ṣéènì dáadáa.