Kí ẹ tó dá kernel lẹ́bi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọwọ́ kan iṣẹ́ server, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀kan nínú yín pè mí láti Ṣágámù. Ó ní òun gbé kernel tuntun (ọkàn Linux, ètò tó ń darí ẹ̀rọ) sórí ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ òun, àti pé láti ìgbà náà ni àwọn disk ti ń wọ́ bí ìgbín. Ó fẹ́ kí n sọ bí òun ṣe máa yọ kernel náà dànù. Mo bi í pé kí ló mú un dá a lójú pé kernel ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló tún kù?" Ohun tí èmi náà sọ gan-an nìyẹn lọ́dún tí tèmi ṣẹlẹ̀.

Ilé iṣẹ́ fídíò kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń tọ́jú server fún nígbà náà. Ẹ mọ bí ìlú ṣe máa ń rí lọ́jọ́ Ojúde Ọba: ọjọ́ kẹta Iléyá, gbogbo ẹsẹ̀ á dà síwájú ààfin Awùjalẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú aṣọ tí wọ́n dá, àwọn ìdílé Balógun lórí ẹṣin. Fún Àlàájà tó ni ilé iṣẹ́ náà, ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ ọjà. Àwọn oníkámẹ́rà rẹ̀ á kó káàdì dé nírọ̀lẹ́, a ó da gbogbo rẹ̀ sínú server, àwọn tó ń gé fídíò á sì ṣe é mọ́jú, torí àwọn tó sanwó ti ń retí.

Disk mẹ́fà la so pọ̀ nínú server yẹn ní RAID 6, tí Linux fi ń rí wọn bí ẹyọ kan. Ìwọ̀n àyè disk méjì nínú rẹ̀ ni a fi sílẹ̀ fún ìṣirò ààbò, tó fi jẹ́ pé bí méjì bá tilẹ̀ kú pọ̀, iṣẹ́ ẹnikẹ́ni kò ní sọnù. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin sí Iléyá, mo gbé kernel kúrò ní 4.15 tó bá Ubuntu 18.04 dé, mo gbé e lọ sí 5.4. Mo pa ẹ̀rọ, mo tàn án, gbogbo nǹkan jí. Mo gba ilé lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ojúde Ọba, káàdì tí kì í gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ gba wákàtí kan àti ààbọ̀. Àlàájà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá server.

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní o fẹ́ tún nǹkan ṣe níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Èmi ni, ma."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kàn lọ jókòó ti àwọn ọmọ tó ń gé fídíò. Ó sàn fún mi kó bú mi.

Ìtìjú yẹn ló mú mi sáré. Mo kó ohun tí mo rí kà lórí fóònù, mo sì fọwọ́ kan nǹkan mẹ́rin pọ̀ láàárín wákàtí kan: mo pààrọ̀ scheduler (ètò tó ń to iṣẹ́ disk lẹ́sẹẹsẹ), mo yí read-ahead (iye tí Linux ń kà sílẹ̀ ṣáájú) padà, mo yọ bitmap RAID (àkọsílẹ̀ ibi tí RAID ń kọ nǹkan sí lọ́wọ́) kúrò, mo sì fi nobarrier sí ext4 (ètò tó ń to fáìlì sórí disk). Ó yá díẹ̀ sí i. Èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣe é? N kò mọ̀, kò sì sí ọ̀nà tí mo lè gbà mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí nobarrier yẹn. Disk ní mẹ́mórì kékeré tirẹ̀. Ó lè sọ fún Linux pé òun ti kọ nǹkan sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé inú mẹ́mórì yẹn ló ṣì wà. Barrier ni ext4 fi ń pa á láṣẹ pé kó kọ èyí tó wà lọ́wọ́ sílẹ̀ ní tòótọ́ kó tó kan òmíràn. Bí ẹ bá yọ ọ́, iṣẹ́ lè yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ lójijì, ètò tí ext4 fi ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lè dàrú. Lóru ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni iná ìjọba lọ. Bátìrì inverter ló gbé wa ró. Ká ní bátìrì yẹn kọṣẹ́ ni, ayẹyẹ tí kì í wáyé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún ni mo fi ta tẹ́tẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é lórí ẹ̀rọ tí iṣẹ́ oníṣẹ́ wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Ìlíṣàn ló yọ mí. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni mo pè é. Ó ní kí n kọ́kọ́ dá gbogbo ohun tí mo yí padà sí bó ṣe wà, kí n wá fi kernel àtijọ́ tan ẹ̀rọ. Ubuntu kì í sáré yọ ti àtijọ́ kúrò. Ó máa ń wà nínú àkójọ GRUB, níbi tí a ti ń yan kernel tí ẹ̀rọ máa fi jí. Mo yan 4.15, mo da káàdì kan sí i. Bó ṣe ń wọ́ tẹ́lẹ̀ ló ń wọ́.

Mo pè é padà.

"Ó dáa," ó ní. "A ti yọ kernel kúrò nínú ẹjọ́. Kí lo tún ṣe lọ́jọ́ yẹn?"

"N kò ṣe nǹkan mìíràn, Ẹ̀gbọ́n."

"O pa ẹ̀rọ."

Òótọ́ ni. Sólà ló ń gbé server yẹn. Ó ti lé lọ́dún kan tí kò kú rárá. Mo wá wo àkọsílẹ̀ àwọn àṣẹ tí wọ́n ti tẹ̀ lórí rẹ̀, mo bá èyí, ti ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú mi:

echo 8192 > /sys/block/md0/md/stripe_cache_size

Ohunkóhun tí ẹ bá kọ sínú /sys báyìí, inú mẹ́mórì ló wà. Bí ẹ̀rọ bá kú, ó bá a lọ. Nọ́ńbà yẹn ti padà sí 256, iye tí Linux máa ń fún un bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ nǹkan.

Ẹ ronú nípa gáréèjì, ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde sí Èkó. Ọkọ̀ tó bá kún ló ń mówó wálé. RAID 6 náà ń fẹ́ kí ìlà rẹ̀ kún kó tó kọ ọ́ sórí àwọn disk, torí bí kò bá kún, ó ní láti kọ́kọ́ padà lọ ka ohun tó wà lórí wọn kó tó lè ṣe ìṣirò ààbò. Kíkà yẹn ló ń pa á. Stripe cache ni gáréèjì tí èrò ti ń péjọ. Bí gáréèjì bá há, ọkọ̀ á máa gbéra pẹ̀lú èrò méjì. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o: ẹ fi 4096 báìtì ṣe ìlọ́po iye disk àti nọ́ńbà yẹn. Disk mẹ́fà pẹ̀lú 8192 á gba MiB 192 nínú RAM. A ní in, mo dá a padà, káàdì tó tẹ̀ lé e sì wọlé ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti kọ ọ́ sínú òfin udev (ètò tó ń fi irú nǹkan báyìí sípò nígbà tí ẹ̀rọ bá jí) ní /etc/udev/rules.d, mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn láti rí i pé ó dúró.

Kò túmọ̀ sí pé kernel kì í jẹ̀bi. Nígbà tí Linux 5.0 jáde ní oṣù kẹta ọdún 2019, wọ́n yọ CFQ, ọ̀kan nínú àwọn scheduler, kúrò pátápátá. Bí ẹ bá ní iṣẹ́ bákọ́ọ̀pù tí ẹ fi ionice rọ̀ pé kó máa rọra ṣe, CFQ ló ń gbọ́ràn sí i. Mq-deadline tó sábà máa ń bọ́ sípò rẹ̀ kò ka ionice sí nínú 5.4, bákọ́ọ̀pù á sì máa bá àwọn òṣìṣẹ́ du disk lọ́sàn-án gangan. BFQ, scheduler mìíràn, ń gbọ́ràn. Ẹ ka /sys/block/sda/queue/scheduler kí ẹ rí èyí tó wà nínú àkámọ́, òun ni ẹ̀rọ ń lò.

Ṣùgbọ́n ṣáájú gbogbo èyí, ẹ wo /proc/mdstat, fáìlì tó ń sọ ipò tí RAID wà. Debian àti Ubuntu ti ìgbà náà máa ń yẹ gbogbo RAID wò lóru Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù, iṣẹ́ á sì fà títí yóò fi parí. Ẹ lè bá a níbẹ̀ kí ẹ má mọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, iostat -x 1, àṣẹ tó ń fi bí disk kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Bí disk kan bá ń pẹ́ ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ níbi await (àsìkò tí iṣẹ́ kan ń gbà lórí disk), ẹ fi kernel sílẹ̀, ẹ lọ wo disk yẹn. Kí ẹ sì fi fio wọn eré ẹ̀rọ kí ẹ tó gbé kernel tuntun dé, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Nọ́ńbà yẹn ni n kò ní lálẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí.

Àbúrò wa tó pè láti Ṣágámù, mo ní kó fi /proc/mdstat tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. RAID 5, disk mẹ́rin: [UU_U]. Ọ̀kan kò jí nígbà tó tan ẹ̀rọ lẹ́yìn kernel tuntun, ó sì ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ mọ́kànlá. Bí òmíràn bá kú, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn. Ó dákẹ́ lórí fóònù fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi mí pé ṣé kí òun kọ́kọ́ da gbogbo dátà náà kọ sí ibòmíràn ná. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lálẹ́ yìí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tó ti wà lójú ọ̀nà Ìkẹjà, tó ń lọ ra disk.