Ojú màmá ìyàwó ń ṣe bàìbàì

Láptọ́ọ̀pù mi ti ń lọ sí ọdún mẹ́fà, RAM rẹ̀ ò ju 8 GB lọ, tí mo bá sì tàn án lọ́sàn-án nínú ooru Kubwa níbí, fáànù rẹ̀ á máa han bí ẹ̀rọ ìlọta. Òun náà ni mo fi ń ẹ́díìtì fídíò ìgbéyàwó 4K o. Tí mo bá sọ fáwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ní irọ́ ni.

Proxy ló ń yọ mí. Kọ̀ǹpútà á ṣe ẹ̀dà kékeré gbogbo fídíò tẹ́ ẹ yà, ẹ̀dà yẹn lẹ máa gé tẹ́ ẹ máa tò, tó bá wà létò tán, ẹ padà sórí ojúlówó kẹ́ ẹ tó gbé e jáde. 4K tí mo ń yà jẹ́ 3840 × 2160, mo ń sọ ọ́ di 960 × 540, ìyẹn ìdá kan nínú 16, ẹ wo ẹrù tó kúrò lórí láptọ́ọ̀pù aláìsàn yẹn.

Àmọ́ kì í ṣe títóbi nìkan ló ń jẹ́ kí fídíò máa há. H.265, ìyẹn ọ̀nà tí kámẹ́rà fi ń fún fídíò pọ̀ kó lè kéré, kì í tọ́jú gbogbo àwòrán lódindi, á tọ́jú ọ̀kan lódindi, tó bá kan àwọn tó tẹ̀ lé e, ohun tó yí padà nìkan ló máa kọ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá fò lọ sáàárín, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ sá padà lọ bá odindi yẹn, á wá máa ṣírò bọ̀ títí dé ibi tẹ́ ẹ wà. Nínú DNxHR tàbí ProRes, táwọn náà jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n fi ń tọ́jú fídíò, àwòrán kọ̀ọ̀kan dá dúró ni, àwọn ló yẹ fún proxy. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi lọ ṣe proxy tiẹ̀ ní H.265, ó wá ń ké pé "Ẹ̀gbọ́n, ó ṣì ń há o." Ṣé kò ní há ni?

Nínú DaVinci Resolve, sọ́fítíwíà tí mo fi ń ẹ́díìtì, Generate Proxy Media ni mo máa ń tẹ̀, màá sì fi í sílẹ̀ mọ́jú tí iná bá wà.

Ibi tí proxy ti wá já mi kulẹ̀ ni ìdána kan ní Gwarinpa. Àwọn ọkọ ìyàwó ti dọ̀bálẹ̀, màmá ìyàwó wá fi etí ìpèlé nu omijé, jẹ́jẹ́ báyìí, bíi pé kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí i. Lójú 540, ó rẹwà kọjá àlà. Mo fi í parí fídíò, mo fi kékeré ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, gbogbo ilé sunkún. Ìgbà tí mo padà sórí ojúlówó ni mo rí i pé bálúùnù ẹ̀yìn màmá ni kámẹ́rà dojú kọ, kódà mo lè ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ojú màmá ń ṣe bàìbàì! Àwòrán kékeré ló bò ó mọ́lẹ̀, ẹ ò sì lè fi sọ́fítíwíà kankan tún un ṣe kó dà bí ojúlówó. Mo bá fi ti kámẹ́rà kejì rọ́pò.

Kò ju wákàtí kan lọ tí mo fi ránṣẹ́ tí ìyàwó pè mí. "Bọ̀ọ̀dá, ibi tí mọ́mì ti ń sunkún ńkọ́?"

Mo dá a padà bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, ibikíbi tí ojú èèyàn bá ti gba gbogbo àwòrán, mo máa ń pa proxy fún ìṣẹ́jú kan kí n wo ẹyinjú wọn dáadáa. Ní ti màmá, kò tíì sẹ́ni tó ráhùn. Èmi nìkan ni mo máa ń wo bálúùnù yẹn.