Ẹ̀bùn Orí Tábìlì Tẹ́tẹ́ Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ìta

Ní ilé tẹ́tẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, bí oníbàárà bá fẹ́ fún apínkáàdì lẹ́bùn, yóò ti ṣíìpù kan, ìyẹn ike róbótó tí a ń lò dípò owó, síwájú mi, yóò sì sọ pé tiwa nìyẹn. Èmi yóò fi ṣíìpù náà kan tábìlì kí alábòójútó tó dúró lẹ́yìn mi lè gbọ́, n óò jù ú sínú àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi, n óò sì ṣí àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì sí kámẹ́rà tó wà ní àjà kí wọ́n lè rí i pé n kò fi nǹkan kan pamọ́. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n láàárín àkókò kékeré yẹn mo ti mọ ohun kan nípa ẹni tó jókòó níwájú mi tí ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni nílé rẹ̀ má mọ̀. Àwọn kan nínú wa ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹni tó fún wọn, ẹni tí kò fún wọn, iye tó jẹ, iye tó fi sílẹ̀. Èmi náà ti ṣe é rí. Mo ti wá gbà pé kò yẹ kí a máa ṣe é, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ láìfepobọyọ̀.

Kí n má tàn yín, inú máa ń bí wa. Òfin Maryland gba agbanisíṣẹ́ láàyè láti san 3.63 dọ́là péré ní wákàtí kan fún òṣìṣẹ́ tó ń gba ẹ̀bùn, bí ẹ̀bùn náà bá ti lè gbé owó rẹ̀ dé 15 dọ́là tí ó jẹ́ owó-iṣẹ́ tó kéré jùlọ níbẹ̀. Ẹ̀bùn ni a fi ń san owó ilé, òun náà ni a fi ń ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé. Ní ọ̀pọ̀ ilé tẹ́tẹ́, wọn kì í jẹ́ kí kálukú mú tirẹ̀ lọ: wọn yóò da gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọn yóò kà á, wọn yóò sì pín in gẹ́gẹ́ bí iye wákàtí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ta tẹ́tẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, tó jẹ owó ńlá, tó sì dìde láìfi ohunkóhun sílẹ̀, gbogbo wa ló máa ń dun. Ní Las Vegas, ìlú tẹ́tẹ́ tó wà ní ìpínlẹ̀ Nevada, toke ni wọ́n ń pe ẹ̀bùn náà, George ni wọ́n ń pe ẹni tó lawọ́, stiff sì ni wọ́n ń pe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ há. Nínú yàrá ìsinmi, a máa ń fi ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà tu ara wa nínú kí a tó padà sẹ́nu iṣẹ́, n kò sì rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Èyí tó bá jáde kúrò nínú yàrá náà ni ó ń di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan, ọmọ Ìjẹ̀bú tí mo ń pè ní ẹ̀gbọ́n, sọ fún mi pé kò sí ohun tuntun nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní ṣebí níbi òde àríyá wa, bí ènìyàn bá ná onílù lówó, onílù yóò kì í, yóò dárúkọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀, gbogbo òde yóò gbọ́. Ẹni tó bá sì ń jó tí kò náwó, gángan mọ bí ó ṣe ń pòwe fún un. Mo ronú sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó dìde láàárín agbo, tó ń lẹ owó mọ́ iwájú orí olórin, kí wọ́n lè dárúkọ rẹ̀ ló ṣe dìde. Ẹni tó wá sí ilé tẹ́tẹ́ kò wá gba oríkì. Ẹlòmíràn tilẹ̀ máa ń wá ìjókòó tó wà ní kọ̀rọ̀ kí ojúlùmọ̀ má baà rí i.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, bàbá àgbàlagbà kan jókòó sí tábìlì blackjack mi, ìyẹn irú tẹ́tẹ́ káàdì kan, lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ ilé wa ni wọ́n. Kété tí wọ́n rí orúkọ tó wà ní àyà mi ni wọ́n fi Yorùbá kí mi. Káàdì gbè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n to ṣíìpù jọ níwájú wọn títí ó fi di ìtò mẹ́rin, wọ́n dìde, wọ́n ní Ọlọ́run yóò bù sí i fún mi, wọ́n sì lọ. Nígbà tí mo délé, mo kọ ọ̀rọ̀ gígùn sórí Facebook nípa bàbá tó ń fi àdúrà san gbèsè. N kò dárúkọ, mo sì rò pé níwọ̀n ìgbà tí n kò ti dárúkọ, n kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo kọ nípa ìmúra wọn, mo kọ nípa bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, mo sì kọ nípa ohun kan tó wà lọ́wọ́ wọn, tí n kò ní tún sọ níbí.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ọmọbìnrin kan fi kọ̀wé sí mi. “Bọ̀dá, ẹ dákun, ẹ bá wa yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò. Bàbá wa lẹ kọ nípa wọn. Màmá wa ò mọ̀ pé wọ́n ń dé ibẹ̀.” Mo yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti ya àwòrán rẹ̀, ó sì ti fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn ará ìlú wọn. Ọmọ náà kò bú mi. Ó kàn ṣàlàyé pé láàárín oṣù yẹn, owó tí bàbá náà pàdánù ju èyí tí wọ́n jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà lọ, àti pé owó ilé ni wọ́n ń wá padà. N kò tún rí wọn ní tábìlì mi mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ni apínkáàdì ń rí nínú ayé ẹnìkan. Wọ́n tilẹ̀ máa ń gbé wa kiri láti tábìlì kan sí òmíràn, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè jẹ́ pé ẹni tí mo pè ní ahun ti fún ẹni tó pín káàdì ṣáájú mi, kí n má sì mọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ilé tẹ́tẹ́. Ní ìlú St. Louis, ní oṣù kìíní ọdún 2013, pásítọ̀ kan kọ ọ́ sórí rìsíìtì ilé oúnjẹ pé ìpín 10 nínú 100 ni òun ń fún Ọlọ́run, kí ló dé tí òṣìṣẹ́ yóò fi gba 18 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Òṣìṣẹ́ kan gbé àwòrán rìsíìtì náà síta pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé tó hàn lórí rẹ̀. Àwọn ènìyàn wá pásítọ̀ náà rí, pásítọ̀ fẹjọ́ sùn, wọ́n sì lé òṣìṣẹ́ náà lẹ́nu iṣẹ́. Kì í tilẹ̀ ṣe òun ló gbé oúnjẹ fún pásítọ̀. Ohun tí pásítọ̀ kọ kò dára, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó jèrè níbẹ̀.

Ẹjọ́ kan wà tí ó yẹ kí gbogbo apínkáàdì mọ̀. Ẹnìkan tó ń ṣiṣẹ́ ní tábìlì dáìsì ní Las Vegas pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́, ó ní kò yẹ kí wọ́n gba owó orí lórí ohun tí àwọn oníbàárà ń fún òun, nítorí ẹ̀bùn àtọkànwá ni, kì í ṣe owó-iṣẹ́. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ gbà fún un: ó ní inú rere òjijì tàbí ìgbàgbọ́ pé yóò mú oríire wá ló ń mú kí wọ́n fúnni. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ ẹjọ́ náà pé láàárín 90 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún oníbàárà ni kì í fún apínkáàdì ní nǹkan kan rárá. Ní ọdún 1976, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà, ó ní kí wọ́n máa san owó orí rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹni wa sọ nílé ẹjọ́ kò kúrò lọ́kàn mi. Bí a bá lè dúró níwájú adájọ́ kí a sọ pé ẹ̀bùn àtọkànwá ni, báwo ni a ó ṣe délé kí a máa pe ẹni tí kò fúnni ní onígbèsè?

N kò sọ pé kí apínkáàdì pa ẹnu mọ́. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan yóò fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ohun tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn tó òṣìṣẹ́ tí kò mọ iye tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà. Ní ọdún 2006, ilé tẹ́tẹ́ Wynn Las Vegas yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín ẹ̀bùn padà kí àwọn alábòójútó náà lè máa gba nínú rẹ̀. Àwọn apínkáàdì sọ̀rọ̀ síta, wọ́n sì gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní ọdún 2013, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Nevada dá ilé iṣẹ́ náà láre, ṣùgbọ́n ní ọdún 2018, òfin àpapọ̀ sọ pé ọ̀gá àti alábòójútó kò gbọdọ̀ gba nínú ẹ̀bùn òṣìṣẹ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí a máa kọ: iye tó kan wákàtí kan, ẹni tó ń kà á, ẹni tó ń pín in. Òfin àpapọ̀ kan ti ọdún 1935 gba àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni láàyè láti jùmọ̀ sọ̀rọ̀ nípa owó-iṣẹ́ wọn, lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2011, nígbà tí òṣìṣẹ́ ilé ọtí kan ní Illinois ráhùn lórí Facebook nípa ẹ̀bùn, tó sì bú àwọn oníbàárà mọ́ ọn, àjọ tó ń bójú tó òfin náà kò gbà pé òfin náà dáàbò bo òṣìṣẹ́ náà, nítorí tara rẹ̀ nìkan ló ń sọ.

Àwọn kan ti gbà mí nímọ̀ràn pé kí n máa kọ nípa àwọn tó lawọ́ nìkan, pé ìyìn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní oṣù tó kọjá, oníbàárà kan ṣe ohun kan fún gbogbo wa tí ó mú kí omi lé ròrò sójú mi, ó sì wù mí gidigidi láti kọ ọ́. Nígbà tí ó padà wá, mo bi í léèrè bóyá ó gbà. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó wá rọra ní kí n jọ̀wọ́ má ṣe bẹ́ẹ̀. N kò béèrè ìdí. Ó ní bí mo bá fẹ́, mo lè kọ ọ́ pé òun kọ̀, ohun tí mo sì kọ nìyí.